Àgbà Kò Fẹ́ Kúrò Nílé: Ohun Tí Mo Rí Ní Lọ́ńdọ̀nù

Àjò ni mo lọ, mo sì ti dé. Kì í ṣe àjò fàájì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ṣubú nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti nǹkan bí aago méje títí di aago méjì ọ̀sán, kí aládùúgbò rẹ̀ kan tó gbọ́ bí ó ti ń fi síbí lu páìpù omi. Egungun ìbàdí rẹ̀ ni ó dá. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n dá a sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an yàn-an.

Ọmọ méjì ni ó bí. Èyí ọkùnrin, tí ń gbé ní Manchester, sọ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni kí Màmá máa lọ, nítorí ojú òun kò lè gbà á kí ìyá òun tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Èyí obìnrin, tí ó wà ní Kánádà, sọ pé èèwọ̀ ni, Ìbàdàn ni kí wọ́n gbé e lọ, ṣebí ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wá pè mí lórí tẹlifóònù. "Àǹkù, ẹ bá wa lọ bá Màmá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbọ́ tiyín."

Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, mo sì ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kékeré ni mo ṣì jẹ́. Bí ó bá máa gbọ́ tèmi, ìyẹn yóò jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Síbẹ̀ mo di èlùbọ́ sínú àpótí, mo sì lọ. Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀dọ̀ èyí tí ó wà ní Kánádà ni mo fì sí. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi tò láti inú ọkọ̀ òfurufú: n ó sọ fún un pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka Bíbélì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń dán bí dígí yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ń wò mí. Kí n tó dìde ni ó ti sọ pé, "Mo mọ ohun tí wọ́n rán ọ wá sọ. N kò lọ síbì kankan. Fúláàtì mi ni mo ń lọ."

Kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọdún 1964 ni ó wọ ọkọ̀ Aureol ní Àpápá lọ sí Liverpool, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ náà ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn arúgbó òyìnbó tí ó wẹ̀ fún, tí ó gbé lé orí àga, tí ó pa lójú dé nígbà tí ẹ̀mí wọn bọ́, kò lóǹkà. Òun àti ọkọ rẹ̀, tí ó ti di olóògbé, ń gbé fúláàtì káńsù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì rà á lẹ́yìn òfin ọdún 1980 tí ó jẹ́ kí àwọn ayálégbé káńsù lè di onílé. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń gbé ní àtẹ̀gùn yẹn. Ó mọ ẹni tí ajá rẹ̀ kú, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Ibẹ̀ ni ó ti di àgbà, ibẹ̀ náà ni ó sì fẹ́ wà.

ÌBÉÈRÈ TÍ N KÒ RÒ

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan láti káńsù wá jókòó tì wá. Mo ti ń retí pé yóò béèrè iye owó tí ẹ̀gbọ́n mi ní. Ìyẹn kọ́ ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ó ní, "Màdáámù, kí ni ẹ fẹ́ kí ẹ tún lè máa ṣe nílé yín?" Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ máa wẹ̀ lójoojúmọ́. Mo fẹ́ máa ro ọkà mi fúnra mi. Mo sì fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú." Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí ni ọkà, wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé ohun tí a ń fi omọrogùn rò lórí iná ni, tí ó gba apá àti ẹsẹ̀ tí ó dúró ṣinṣin. Ó kọ ìyẹn náà.

Mo wá gbọ́ pé òfin ni ó ní kí ó béèrè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin ìtọ́jú kan fún ilẹ̀ England, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015. Òfin yìí ní ẹnikẹ́ni tí ó bá jọ pé ó nílò ìrànlọ́wọ́, bí ó jẹ́ olówó, bí ó jẹ́ tálákà, káńsù gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ owó yóò tẹ̀lé e, kò ní ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ nípamọ́ bá ju 23,250 pọ́ùn lọ, òun ni yóò máa san gbogbo owó ìtọ́jú ara rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, káńsù yóò bá a gbé e, òun náà yóò sì dá díẹ̀ lára owó tí ń wọlé fún un.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Bí arúgbó bá ń gba ìtọ́jú nínú ilé ara rẹ̀, wọn kò ní ka ilé náà mọ́ owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá gbé, tí ó sì wá kó lọ sí ilé àwọn arúgbó láti máa gbé ibẹ̀ títí, wọ́n lè kà á. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ di títà. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Manchester, ó dákẹ́ lórí tẹlifóònù fún ìgbà díẹ̀. N kò sọ pé nítorí ogún ni ó ṣe yí ọkàn padà. Mo kàn ní ó dákẹ́ ni.

IRIN ÌDÌMÚ ÀTI ÌLẸ̀KẸ̀ TÍ Ń SỌ̀RỌ̀

Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ọkùnrin kan wá wo ilé náà. Mo tẹ̀lé e káàkiri. Ohun ìwọ̀n ni ó mú lọ́wọ́ bí télọ̀. Ó wọn gíga bẹ́ẹ̀dì, ó wọn gíga àga, ó wọn ilé ìyàgbẹ́. Ó béèrè ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi ti ara rẹ̀ dìde. Ó yí kápẹ́ẹ̀tì kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká a, ó sì gbé e fún mi. "Èyí ni ó gbé e ṣubú," ni ó wí. Kápẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sí i láti Ìbàdàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni.

Láàrin ọjọ́ mẹ́rin wọ́n ti kan irin ìdìmú méjì mọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, wọ́n fi ìjókòó gíga lé orí rẹ̀, wọ́n fi igi ti ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kí ó lè ga sí i, wọ́n sì fún un ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ó lè fi ti oúnjẹ láti ilé ìdáná dé yàrá. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, tí owó iṣẹ́ wọn kò bá ju 1,000 pọ́ùn lọ, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá, bíi kí wọ́n fẹ ilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n tún ilé ìwẹ̀ kọ́, owó ìrànwọ́ mìíràn wà fún ìyẹn tí ó lè tó 30,000 pọ́ùn, ṣùgbọ́n wọn a máa wo àpò ẹni kí wọ́n tó fún un, àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ sì ní ìdúró rẹ̀ a máa pẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ohun kan bí ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Bí ó bá ṣubú, kí ó tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan yóò dáhùn láti ibi tí kò mọ̀, yóò sì rán ènìyàn wá. Wọ́n gbé àpótí irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ilé wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí i, kí àwọn tí ń bọ̀ wá gbà á sílẹ̀ má baà fọ́ ilẹ̀kùn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń fọ abọ́, ìlẹ̀kẹ̀ náà kan etí ibi ìfọbọ́. Lójijì ni ohùn òyìnbó kan bú jáde láti igun pálọ̀: "Ṣé kò sí, màdáámù?" Mo fò sókè. Mo rò pé olè ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ yíjú padà, ó ní, "Kò sí o, ẹ ṣeun, mò ń fọ abọ́ ni." Wákàtí méje ni ó lò nílẹ̀ nígbà tí ó ṣubú. Bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí bá ti wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ náà, bóyá ni yóò tó wákàtí kan.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti máa ṣe gbogbo nǹkan fún un, bí kò ṣe láti tún un kọ́ bí yóò ṣe máa ṣe é. Nọ́ọ̀sì náà ń wá wo ojú ọgbẹ́. Àṣà kí nọ́ọ̀sì máa lọ bá aláìsàn nílé yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1859, oníṣòwò kan ní Liverpool, William Rathbone, gba nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Mary Robinson láti tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tí ó ń kú lọ. Nígbà tí ìyàwó náà kú, ọkùnrin yìí kò dá nọ́ọ̀sì náà dúró. Ó ní kí ó máa lọ sí ilé àwọn tálákà ìlú náà, òun yóò máa san owó rẹ̀. Láti inú ọ̀fọ̀ oníṣòwò kan ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ti jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé òyìnbó kò fẹ́ràn òbí wọn, òun ni ìjọba ṣe ń ṣe é fún wọn. Èmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ọdún 1976 ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í san owó díẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú ènìyàn rẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí márùndínlógójì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní obìnrin tí ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí ẹni pé ilé ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ìbá wà tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan, Jacqueline Drake, tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀, kò gbà. Ó pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ àjùmọ̀ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó sì borí ní 1986. Ṣé ẹni tí kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni yóò ja irú ìjà bẹ́ẹ̀? Owó náà ju 80 pọ́ùn lọ lọ́sẹ̀ báyìí. Kò tó ohun tí ènìyàn lè fi jẹun, ṣùgbọ́n ó wà.

BỌ́Ọ̀SÌ TÍ Ń KÚNLẸ̀

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ ra ata rodo ní Peckham. Mo ní kí á pe takisí. Ó wò mí bí ẹni tí ó gbé owó sọ sínú kòtò. Ó mú káàdì kan jáde, Freedom Pass ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 1973 ni àwọn àgbà Lọ́ńdọ̀nù ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, lónìí káàdì yìí sì ń mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn káńsù ni wọ́n ń dá owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tó ọjọ́ orí tí ìjọba ń san owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń fún: ọdún 66 ni, ó sì ń gòkè lọ sí 67 láàrin 2026 sí 2028. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó ní in lọ́wọ́. Láti 2020 ni wọ́n ti dí wọn lọ́wọ́ láti lò ó kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù ní ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn àgbà bínú sí ìyẹn, wọ́n ṣì ń bínú.

Bọ́ọ̀sì náà dé, ó mí "fìì", ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ilẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "O rí i? Ó kúnlẹ̀ kí mi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kúnlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń kúnlẹ̀." Ó ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde fún un lórí àga iwájú, ohùn kan sì ń pe orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa má baà kọjá ilé. Ní ọdún 2005 ni wọ́n kó àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí ó ní àtẹ̀gùn gíga kúrò lójú ọ̀nà, àyàfi díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìrántí. Mo ronú sí dánfó tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ tí ó sì ti ń lọ kí ènìyàn tó gbé èkejì wọlé. Ẹ jẹ́ kí n má sọ jù.

Ní ọdún 2007 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí ìlú rí fún àwọn àgbà. Àwọn àgbà fúnra wọn ni wọ́n lọ bi léèrè ní ìlú 33, Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n fi ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà tí kò ní kòtò, bẹ́ǹṣì tí ènìyàn lè jókòó sí sinmi, ilé ìyàgbẹ́ nígboro, àti ẹni tí yóò kí wọn, ni ó kún ẹnu wọn. Lóòótọ́ ni. Ní Peckham lọ́jọ́ náà, bí kò bá sí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá òpópónà Rye Lane, a kì bá tí dé ibi tí wọ́n ti ń ta ata.

ỌMỌ OLÙKỌ́ LÁTI ILÉ

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé Párádísè ni mo lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí káńsù ń sanwó fún. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ojú mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wọlé wá wẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rò ó wò ná: àgbàlagbà obìnrin, kí ó máa bọ́ra sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò rí rí, lójoojúmọ́! Àwọn mìíràn kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ojú wọn wà lára aago. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, kò sí ẹni tí ó wá rárá. A pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà, orin ni ó ń kọ fún wa. Èmi ni mo se oúnjẹ, èmi ni mo bá a bọ́ bàtà. Bí kò bá sí mi ńkọ́? Wọ́n bẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé ẹ̀sùn ojú ewé mẹ́ta pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ sí káńsù, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì àtijọ́ tí ó mọ bí a ti ń kọ ọ́, ó sì béèrè fún ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa wá.

Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá, bí ó ti ṣílẹ̀kùn ni ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni nílé, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun nítorí pé òṣìṣẹ́ wọ́n wọn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kó ènìyàn lọ jù. Ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n ní olùtọ́jú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún àwọn tí ń bọ̀ láti òkè òkun.

Ní ọjọ́ kan tí ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo bi í léèrè ta ni ó ń tọ́jú ìyá tirẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní ọmọbìnrin aládùúgbò kan ni òun ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù kí ó máa bá òun wo Màámi, ṣùgbọ́n nígbà tí òun pè kẹ́yìn, Màámi ní ọmọ náà kò wá láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá náà kò sì lè sọ̀kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà wo aago, ó dìde, nítorí baba arúgbó òyìnbó kan ń dúró dè é ní òpópónà kejì.

"TA NI Ó WÀ NÍLÉ BÀBÁ?"

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé láti Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ yín wà níbẹ̀."

Kò bínú. Ó ní kí n mú ìwé kan wá láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní bí òun bá padà sí Nàìjíríà láti máa gbé, owó ìfẹ̀yìntì òun láti ọwọ́ ìjọba yóò tẹ̀lé òun, ṣùgbọ́n iye tí ó jẹ́ lọ́jọ́ tí òun lọ ni yóò máa jẹ́ títí òun yóò fi kú. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń rí àfikún lọ́dọọdún. Nàìjíríà kò ní àdéhùn pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀, owó rẹ̀ a dì bí omi dídì. Owó mìíràn tún wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 fún àgbà tí ó nílò ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, tí wọn kì í wo àpò ẹni kí wọ́n tó san án: èyí kékeré ju 70 pọ́ùn lọ lọ́sẹ̀, èyí ńlá ju 110 lọ. Ẹni tí ó bá kó lọ sí Nàìjíríà pátápátá, ìyẹn dópin. Dókítà ọ̀fẹ́ dópin. Irin ìdìmú kò bá a lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kò bá a lọ.

"Wọ́n sì ti pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n dé yìí," ni ó wí. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú a máa bẹ̀rù kí á gbé wọn lọ sí ilé kan tí ó ti jẹ́ ilé àwọn aláìní láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá rí ògiri rẹ̀, wọn a bú sẹ́kún." Lóòótọ́, kí ọdún 1909 tó dé, arúgbó tí kò ní owó tí kò sì ní ẹnì kan níbẹ̀, ilé àwọn aláìní ni ibi ìsádi rẹ̀. Òfin ọdún 1908 ni ó kọ́kọ́ fún ẹni àádọ́rin ọdún ní ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ kí ó lè dúró nílé ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. "Ta ni ó wà nílé Bàbá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí ó wọkọ̀ ní 1964, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó ń sùn nínú agbo ilé yẹn. Bí àgbà bá kọ́ lálẹ́, ẹni mẹ́ta ni yóò dáhùn. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yá ju ìyẹn lọ. Báyìí ńkọ́? Èmi àti ìyàwó mi, ìyá ìyàwó mi tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àti àwọn ayálégbé mẹ́rin tí wọ́n ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí. Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó àti ní Abuja. Yàrá méje ni a ti tì pa.

Mo ní ìjọba náà ń gbìyànjú. Mo rán an létí pé Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó kan ní ₦5,000 lóṣù ní 2011, Ọ̀ṣun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kan ní ₦10,000 ní 2012. Ó ní, "Ó dára. Ta ni ó ń wá wò wọ́n?" Ó béèrè bóyá òfin ni tàbí inú rere gómìnà. N kò rí èsì kan tí ó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Owó tí ó bá gómìnà wọlé lè bá gómìnà jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ gbà. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà ni ó ṣì ń wá ní òwúrọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń wá ní ọjọ́ Wẹ́sídé, wọ́n a sì máa pariwo débi pé aládùúgbò a kan ògiri. Ó ro ọkà ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ, ó fi ìdí ti ibi ìfọbọ́, ó dúró ṣinṣin. Kókó wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Kí n tó kúrò, mo yá ohun ìwọ̀n lọ́wọ́ aládùúgbò, mo wọn irin ìdìmú ilé ìwẹ̀ rẹ̀: bí ó ti gùn tó, bí ó ti ga sí ilẹ̀ tó, bí ó ti jìnnà sí ògiri tó. Ìyá ìyàwó mi ni mo ń rò. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Bẹẹrẹ. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, irú ẹran wo ni ẹ fẹ́ so mọ́ ọn?" Mo ní ìyá ìyàwó mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wò mí, ó rí i pé n kò ṣeré. Ó ní òun náà ní ìyá kan ní Ọ̀yọ́. Méjì ni ó rọ, ó sì gba owó ẹyọ kan lọ́wọ́ mi.